Àǹtí Eérú àti Bàbá Ẹrẹ̀

Ajé, 2 oṣù Kẹfà

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo ti wà nílé pẹ̀lú ìyá ọkọ mi – wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn lójú ọ̀tún, wọ́n fi báńdéèjì dì í. Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo. Ta ló máa mú Màmá jókòó? Èmi náà ni. Ojú kan ṣoṣo tó kù ni wọ́n fi rí gbogbo àlébù ilé mi.

Wọ́n ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé èbu ni ìyàwó àwọn ń sìn. "Àwọn kan ń sin adìyẹ, àwọn kan ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Tèmi, èbu! Ẹ sì wò ó, kò tiẹ̀ ń tì í lójú." Irọ́ kọ́: èbu ni, irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀. Iṣẹ́ wa nìyẹn. À ń lọ sí àbàtà etí òkun, níbi tí igi ti ń na gbòǹgbò sínú omi iyọ̀. A ó gé ẹ̀ka, a ó mú un wá sí láàbù, a ó wá èbu tó fi inú igi ṣe ilé, a ó sì wò ó bóyá ó lè pa kòkòrò àrùn. Èyí tó bá lè pa á, ó lè di oògùn lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ kan – ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo wa fi ń jí láràárọ̀.

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mi. Àwo kan tí mo gbàgbé síbẹ̀ kí n tó lọ, ègé igi ṣì wà nínú ẹ̀! Èbu ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, àwọ̀ eérú, ó rí múlọ́múlọ́ bí irun arúgbó. Òfin kẹta láàbù wa rèé: bí èbu bá ti yọrí lára igi, yọ igi kúrò kíá, kí o gbé èbu lọ sínú àwo tó mọ́, kó dá wà. Ọ̀gá ló ṣe òfin yẹn. Ó kọ ọ́ gàdàgbà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè síǹkì, òun ló sì fi kọ́ gbogbo wa. Bí Bàbá Ẹrẹ̀ bá rí àwo yìí, mo gbé.

Bàbá Ẹrẹ̀ ni mò ń pe ọ̀gá. Níbí nìkan o. Níbí nìkan náà ni mo ti ń fi "ó" pe àgbàlagbà. Ìwé ò lẹ́nu. Màmá nìkan ni "wọ́n", torí Màmá lè mọ̀.

Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni Bàbá Ẹrẹ̀ máa fẹ̀yìn tì. Inú ẹrẹ̀ ló lo gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ sí. Fíríìsà méjì kún dẹ́nu fún èbu tó kó jọ, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó mú ohun tuntun jáde, ohun tí ayé ò tíì mọ̀. Ẹyọ kan ló ń wá. Ẹyọ kan péré kó tó lọ. Kò sọ ọ́ rí, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀, ó sì ń dùn wá.

Ìṣẹ́gun, 3

Ó yẹ kí n da àwo yẹn nù. Mi ò dà á nù. Bóyá ọ̀lẹ ni, bóyá àánú ni. Mo gé díẹ̀ lára èbu náà, mo gbé e sórí Olóríkunkun.

Olóríkunkun: kòkòrò àrùn tí ilé ìwòsàn fún wa. Ojú egbò ni wọ́n ti bù ú, kò sì gbọ́ ti oògùn kankan mọ́. Orúkọ rẹ̀ gangan gùn bí ọjọ́ ebi.

Mo rẹ díẹ̀ míì sínú sipíríìtì, mo gbé omi ẹ̀ fún Onímáṣíìnì, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ní yàrá kejì. Lẹ́yìn náà mo ṣe bí ọmọlúàbí: mo yọ igi kúrò, mo gbé èbu lọ sínú àwo tó mọ́. Mo sọ ọ́ ní Àǹtí Eérú.

Rú, 4

Yéè! Ó pa á!

Bọ̀, 5

Jẹ́ kí n fara balẹ̀ kọ ọ́. Olóríkunkun bo gbogbo àwo bí ìrì tó bo gíláàsì fèrèsé, funfun báláú. Àfi yíká Àǹtí Eérú. Ibẹ̀ mọ́ kedere, ó yí i po, o lè fi ka ìwé ìròyìn. Kò jẹ́ kí Olóríkunkun sún mọ́ òun rárá.

Mo gbé e lọ fún Bàbá Ẹrẹ̀. Ó gbé e sókè sí iná, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó bọ́ gíláàsì ojú, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Mò ń retí kó pariwo. Ó ní, "Tún un ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àlá ni." Ó dá àwo padà fún mi. Mo ti dé ọ̀nà kí n tó gbọ́ ọ – àgbàlagbà ń súfèé nínú ọ́fíìsì! Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ibi tí mò ń lọ.

Kò bi mí léèrè bóyá mo tètè yọ igi. Èmi náà ò sọ.

Àìkú, 8

Màmá bi mí léèrè pé, "Èbu wa ńkọ́?" Wa! Ó ti di ti ẹbí.

Rú, 18

Àǹtí Eérú ti kún àwo tuntun rẹ̀, ó tẹ́jú, ó lẹ́wà, ó mọ́. Mo gbé e sórí Olóríkunkun lánàá. Lónìí, òfo. Olóríkunkun gun orí ẹ̀ kọjá bí ẹni ń rékọjá títì.

Bọ̀, 19

Òfo.

Ẹtì, 20

Mo sọ fún Bàbá Ẹrẹ̀. Mo ti rò ó pé ojú ẹ̀ máa rẹ̀ wálẹ̀, mo sì ti gbé ọ̀rọ̀ ìtùnú dání bí ẹni lọ kí aláìsàn. Òun ló wá ń tù mí nínú. Ó ní, "Má dà á láàmú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú tèmi ló pa nǹkan lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti inú igi. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á dákẹ́. Mo rò pé ó máa ń rẹ̀ wọ́n ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ jẹun.

Kò súfèé lónìí.

Wọ́n ṣí ojú Màmá ní ọ̀sán. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ: "Áà, o ti rù o. Àbí bí o ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyí?"

Ìṣẹ́gun, 24

Mo ti búra: mi ò ní gbé ohunkóhun lọ bá bàbá yẹn mọ́ títí yóò fi dá mi lójú gbangba. Kò yẹ kéèyàn fa àgbàlagbà sókè sódò bíi korobá inú kànga.

Mò ń rò ó. Kí ló yí padà? Nígbà àkọ́kọ́ Àǹtí Eérú pẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bóyá ọjọ́ orí ni. Àwọn kan wà tí mo ti fi pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Màá dán wọn wò.

Ẹtì, 27

Ọjọ́ orí kọ́. Àgbà Àǹtí, òfo. Ọ̀dọ́ Àǹtí, òfo.

Mo ti fi omi òkun gidi po oúnjẹ ẹ̀ dípò omi ẹ̀rọ. Ó jẹ ẹ́. Ó sanra sí i. Òfo náà ni. Bí mo ṣe ń bọ́ ọ tó yìí, ká ní ọmọ èèyàn ni, á ti máa kí mi kú iṣẹ́.

Àìkú, 29

Ọkọ mi ní mò ń bá èbu sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ó ní mò ń bẹ̀ ẹ́ ni.

Rú, 2 oṣù Keje

Onímáṣíìnì wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní omi tí mo kọ́kọ́ gbé fún òun lóṣù tó kọjá, ó pọ́n kuku bí omi tí wọ́n fi se èèpo igi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ há máṣíìnì òun lọ́fun. Ó ní àwọn tí mò ń gbé wá báyìí ló mọ́ lóló. "O ti ń kọ́ṣẹ́," ló wí. Mo ní kó jáde lójú mi.

Mo délé, mò ń fọ abọ́, ni ọwọ́ mi dúró lójijì. Omi èèpo igi.

Igi wà nínú àwo nígbà yẹn! Igi tirẹ̀, tó ti ń gbé inú ẹ̀ láti ilé. Ọ̀nà tí mo gbà rú òfin kẹta nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti yọ igi, ó ti dákẹ́. Ó ń jẹun, ó ń sanra, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kí ló fẹ́ jà fún? Kò ní ilé tó ń ṣọ́.

Mo pariwo débi pé Màmá sáré jáde wá, wọ́n rò pé abọ́ fọ́. Mo ní kò fọ́ mà. Wọ́n ní, "Kí ló wá dé tí o fi ń jó nídìí omi?"

Bọ̀, 3

Sí àbàtà pẹ̀lú Onímáṣíìnì. A sọ fún Bàbá Ẹrẹ̀ pé omi òkun la fẹ́ lọ bù. Ó ní ká kíyè sí i, omi ń kún lọ́sàn-án.

Onímáṣíìnì ò tíì fẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ rí láyé ẹ̀. Inú yàrá tútù ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀ wọlé dé orúnkún. Ó fà á, ẹsẹ̀ jáde, bàtà rọ́bà dúró sínú ẹrẹ̀. Ó dúró lẹ́sẹ̀ kan, ó di gbòǹgbò mú, ó ń pe orúkọ ìyá ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí, mi ò kọ́kọ́ lè ràn án lọ́wọ́. Akàn pupa kéékèèké ń yọjú láti inú ihò wọn, ó dà bí pé àwọn náà wá wòran.

A gé ẹ̀ka lára irú igi tí Àǹtí Eérú ti wá. Ewé ẹ̀ nípọn, iyọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára – mo lá a wò, iyọ̀ ni lóòótọ́. Oòrùn, afẹ́fẹ́, òórùn ẹrẹ̀ tó dà bí ẹyin tó bàjẹ́. Mo fẹ́ràn ibẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹni tí kò bá fẹ́ràn ibẹ̀.

Ẹtì, 4

A gé ẹ̀ka náà wẹ́wẹ́, a sè é nínú ìkòkò gbígbóná títí gbogbo ohun alààyè inú ẹ̀ fi kú. Ìgbà yẹn la tó tò ó sínú àwo.

Mo fẹ́ fi Àǹtí Eérú pẹ̀lú igi nìkan sí i, kí n máa lọ. Onímáṣíìnì ní rárá o. "Bó bá wá jẹ́ pé igi fúnra ẹ̀ ló ń pa á ńkọ́?" Òótọ́ ọ̀rọ̀, inú sì bí mi pé òun ló sọ ọ́. Ó wá di ọ̀nà mẹ́ta. Àwo A, igi nìkan. Àwo B, Àǹtí nìkan. Àwo D, àwọn méjèèjì pọ̀. Ó di ìgbà tó bá gbó.

Àbámẹ́ta, 12

Mi ò gbọdọ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ṣí i. Mo tún tì í.

Rú, 16

Wọ́n ti ń gba owó ìdágbére Bàbá Ẹrẹ̀ kiri. Akọ̀wé Olùdarí bi mí pé kí ni mo rò pé ó máa fẹ́, aago ara ògiri ni àbí àga onírọ̀gbọ̀kú. Mo mọ ohun tó fẹ́.

Yóò pẹ́, yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Àmọ́ ìparí oṣù ò mọ̀ pé èèyàn ń kólòlò.

Ìṣẹ́gun, 22

Lánàá la gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí Olóríkunkun. Láàárọ̀ yìí mo fi bébà bo àmì ara àwo, kí Onímáṣíìnì máa wò ó láìmọ̀ èyí tó jẹ́ èwo. Ojú ẹni tó ń fẹ́ nǹkan kì í ríran dáadáa.

Ó gbé ọ̀kan, ó ní, "Òfo." Ó gbé ìkejì, ó ní, "Òfo." Ó gbé ìkẹta. Ó kàn gbé e fún mi.

Mo ṣí bébà. Ìkẹta, D. Ojú mímọ́ tó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Igi nìkan kò pa nǹkan kan. Àǹtí nìkan, bákan náà. Àwọn méjèèjì pọ̀ – áà, Olóríkunkun rí ìjà! Mo fò mọ́ Onímáṣíìnì lọ́rùn. Ó ní kí n rọra, pé bàtà tuntun ni òun wọ̀.

A fẹnu kò: a ò ní sọ fún Bàbá Ẹrẹ̀ títí máṣíìnì yóò fi sọ tiẹ̀. Torí ó lè pa kòkòrò kó sì jẹ́ ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti ayé bàbá wa. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí bàbá yẹn rí, ó sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bọ̀, 24

Máṣíìnì ń ṣiṣẹ́. Onímáṣíìnì ní kí n má wọ yàrá òun mọ́, pé mímí mi ń dí òun lọ́wọ́.

Ẹtì, 25

Iṣẹ́ máṣíìnì yìí rọrùn láti sọ, ó sòro láti ṣe. Yóò wọn ohun tó wà nínú omi, yóò fi ìwọ̀n ẹ̀ wé ti gbogbo irú rẹ̀ tí ayé ti mọ̀, yóò sì pe orúkọ ẹ̀. Ohun tí gbogbo wa ń bẹ̀rù ni kó pe orúkọ.

Lónìí kò pe orúkọ. Onímáṣíìnì ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Máṣíìnì ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Òun ò mọ̀ ọ́n! Ní gbogbo ayé mi, kò sí àìmọ̀ tó dùn mọ́ mi nínú tó báyìí. A jó yíká tábìlì. Mo kọrí sí ọ́fíìsì Bàbá Ẹrẹ̀, mo ti ń sáré, ni Onímáṣíìnì dì mí lápá.

Ó ní, "Tó bá bi ẹ́ pé báwo lo ṣe ṣe é ńkọ́?"

Mo ní, "Màá ní mo dá igi padà fún un..."

Òfin kẹta. Yọ igi kúrò kíá. Òfin ẹ̀ ni. Òun ló fi yọ igi lára gbogbo èbu tó wà nínú fíríìsà méjèèjì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́ ara ẹ̀, láti ìgbà tí irun ẹ̀ ti dúdú. *Ọ̀pọ̀ nínú tèmi ló pa nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á dákẹ́.* Kò rẹ̀ wọ́n. Òun ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Mo yí padà. Mo jókòó. Onímáṣíìnì náà jókòó. Adìyẹ bà lókùn.

Àbámẹ́ta, 26

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún ọkọ mi níbi tó ti ń lọ aṣọ. Ó ní ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni: fún bàbá ní ẹyọ kan tó ń wá, kó fi ayọ̀ lọ sinmi. Kí n sọ pé mo tún un ṣe, ó sì ṣiṣẹ́. Ìyókù, ká máa bá a lọ lẹ́yìn tó bá ti lọ. "Ta ló máa pa lára?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi létí. Mo ti fẹ́ gbà á.

Màmá dá sí i láti orí àga wọn. A ò mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́. Wọ́n ní, "Nígbà tí dókítà ṣí ojú mi, mo wá rí abẹ́ àga yìí. Ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀! Ṣé kí n padà lọ sọ fún un pé kó tún un dì?"

Ọkọ mi ní Màmá, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Wọ́n ní, "Ọ̀tọ̀ kẹ̀? Ìyàwó ẹ ni kó wá gbá abẹ́ àga o." Mo gbá a. Mò ń gbá a, mò ń sunkún, mi ò tiẹ̀ mọ èwo ni mò ń sunkún sí. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn ju bó ṣe yẹ kéèyàn fẹ́ràn ọ̀gá lọ. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di abẹ mú.

Àìkú, 27

Màá sọ ọ́.

Ajé, 28

Mo sọ ọ́.

Mo gbé àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ẹ̀, mo gbé bébà máṣíìnì sí i. Mo ní, "Ẹ wò ó sà. Máṣíìnì ò mọ̀ ọ́n." Ó wò ó, ó tún un wò. Ojú ẹ̀ tàn bíi ti ọmọdé. Ó na ọwọ́ sí mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, kò fi í sílẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ìyókù. Ó wá bi mí, bó ṣe yẹ kó bi mí: "Báwo lo ṣe ṣe é?"

Mo ní, "Igi ni sà. Mo dá igi padà sínú àwo ẹ̀."

Ó ní, "Igi tirẹ̀ gan-an, àbí igi kan ṣáá?"

"Igi tirẹ̀ sà."

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó gbójú sókè wo ibi tí síǹkì wà – ìyẹn lẹ́yìn ògiri, kò lè rí i láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ń wò. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo kọ òfin yẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó rán mi." Ẹ̀rín náà tán lójú ẹ̀.

Ó dìde, ó rìn lọ sí ọ̀dọ̀ fíríìsà, ó gbé ọwọ́ lé ọmọrí èkínní, ó dúró. Mo dúró sẹ́yìn ẹ̀, mi ò mọ ibi tí màá kọjú sí. Ó ní, "O ṣeun tí o sọ fún mi." Ó mú àpò ẹ̀, ó lọ sílé. Ọ̀sán ni o. Kò lọ sílé lọ́sàn-án rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Ìṣẹ́gun, 29

Kò wá. Mo gbin Àǹtí Eérú sínú àwo tuntun pẹ̀lú igi, kí ọwọ́ mi má bàa dilẹ̀.

Onímáṣíìnì ra búrẹ́dì àti tíì fún mi láìfi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ̀ pé ó ń káàánú mi. Kí ni mo ṣe yìí? Ọjọ́ mélòó ló kù fún bàbá, mo lọ fi ọ̀rọ̀ gún un lọ́kàn.

Rú, 30

Ìyàwó Ọ̀gá pè mí lórí fóònù. Àwọn náà di "wọ́n" níbí láti òní, bíi Màmá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí lẹ ṣe fún ọkọ mi?"

Mo ti ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí n dákẹ́ ná. Wọ́n ní láti ọjọ́ Ajé, ẹ̀yìn ilé ló jókòó sí, ó ń pe nọ́ńbà. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé nọ́ńbà fóònù ni. Èbu ẹ̀ ni! Ó ń pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan láti orí wá, pẹ̀lú igi tí ó ti mú wọn, àti ọjọ́ tí òjò rọ̀, àti ọjọ́ tí akàn gé e lọ́mọ ìka. Lẹ́yìn èyí tó bá ti pa nǹkan rí, á ní, "Ìwọ náà. Ẹ̀yin náà. Ẹ má bínú." Wọ́n ní ó sunkún lọ́jọ́ Ajé. Lánàá kò sunkún, ó kàn ń pè wọ́n. Láàárọ̀ yìí ló wá bèèrè ibi tí bàtà rọ́bà òun wà.

Mo ní, "Ṣé wọ́n ń bínú sí mi ni mà?"

Wọ́n ní, "Ta ló ń bínú? Ó ní kí n má tọ́jú bàtà yẹn sí àjà mọ́."

Bọ̀, 31

Ìdágbére. Gbọ̀ngàn kún. Kéèkì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, aago ara ògiri náà (àwọn tó ní aago ló borí). Olùdarí sọ̀rọ̀ gígùn: akínkanjú, òpómúléró, àwòkọ́ṣe. Bàbá Ẹrẹ̀ jókòó nínú kóòtù tó ti há mọ́ ọn, ó ń wo ilẹ̀.

Wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀. Ó dìde. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́, òfin kẹta òkè síǹkì yẹn, àṣìṣe ni. Èmi ni mo kọ ọ́, ó sì ti pẹ́ jù lórí ògiri. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ yẹn ló rí i. Ẹ yọ ọ́ lónìí kí ẹ tó lọ sílé. Ẹ jẹ́ ká mu nǹkan."

Ó jókòó. Olùdarí ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Áà, òwe àgbà!" Ni gbogbo èèyàn bá pàtẹ́wọ́. Èmi àti Onímáṣíìnì ò pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín ń pa wá, omi ń bọ́ lójú wa.

Ó kọjá lára mi nígbà tó ń jáde, ó gbé aago sábẹ́ apá. Ó ní, "Aago mélòó lẹ máa ń dé láàárọ̀ báyìí?" Bí ẹni pé kò mọ̀.

Ẹtì, 1 oṣù Kẹjọ

Ó dé kí n tó dé. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti fi káàdì ÀLEJÒ kọ́ ọ lọ́rùn – àgbàlagbà tó gba ẹ̀ṣọ́ náà síṣẹ́! Kò yọ ọ́ lẹ́nu. Bàtà rọ́bà ló wọ̀, ẹrẹ̀ tútù ti wà lára ẹ̀. Ó ti lọ sí àbàtà, ó ti bọ̀. Àpò kan kún fún ẹ̀ka, ó so wọ́n ní ìdì ìdì, irú igi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ fíríìsà èkínní, pé àwọn tó wà níbẹ̀ ló ti dúró pẹ́ jù.

A ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán. Òun ń gé igi, èmi ń sè é, Onímáṣíìnì ń kọ àmì. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń súfèé.

Mo wá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mi láti fi Àǹtí Eérú hàn án, àwọn àwo tí mo gbìn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Èbu ti yọrí lára igi, funfun díẹ̀, eérú díẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, inú ẹ̀ dùn, ó ní, "Áà, ẹ wò ó bó ṣe ń jáde." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ mú ẹ̀mú kékeré lórí tábìlì, ó wọ inú àwo, ó di igi mú, ó fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Ojú ẹ̀ ò sí níbẹ̀, èmi ló ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Orí ẹ̀ ti gbọ́ ìròyìn, ọwọ́ ẹ̀ ò tíì gbọ́.

Mo gbá a lọ́wọ́. Pàá! Bí ẹni gbá ọmọ tó ń ki ọwọ́ bọ ìkòkò.

Ẹ̀mú já bọ́. Ọwọ́ mi ṣì wà lókè. Mo gbá ọ̀gá mi!

Bàbá Ẹrẹ̀ wo igi. Ó ṣì wà nípò ẹ̀. Ó wá wo ọwọ́ ara ẹ̀ títí, bí ẹni ń wo àjèjì tó jókòó tì í.

Ó nà án sí mi. Ó ní, "Bó bá tún dán an wò, tún gbá a."